Ohùn Ìyá Arúgbó Inú Ìwé Améríkà

Nígbà tí Abdulmumini dá ìwé Améríkà náà padà, tàdáwà pupa ti gba gbogbo ojú ewé rẹ̀. Ó ti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí òǹtẹ̀wé ti fi lẹ́tà D sí ipò T àti H, ó fagi lé D, ó kọ èyí tí ó yẹ sí òkè. Níbi tí wọ́n ti gé ìrù ọ̀rọ̀, ó fi ìrù sí i. Kò rò pé òun ṣe àṣejù. Ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Òkè Ìmàle, kí bàbá rẹ̀ tó rán an lọ sí ilé ìwé gíga ní Èkó, ilé kéú kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń rí lẹ́tà tó ṣì, kí ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ọ̀gbẹ́ni Wẹ́bà ni ó ni ìwé náà. Òyìnbó Améríkà ni, ó ti gbé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ́ kí ó tó wá sí Ìlọrin, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọba ti gbà á láàyè pé kí ó kọ́ àwọn àgbàlagbà ní kíka ìwé Gẹ̀ẹ́sì, bí kò bá ṣáà ti mú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́. Ilé alámọ̀ kan ní ẹ̀bá ibùdó rélùwéè ni ó ti ń kọ́ wọn lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àwọn akọ̀wé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Abdulmumini, akọ̀wé ọ́fíìsì Àjẹ́lẹ̀, ni ó dàgbà jù, Jímọ́ọ̀ tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè sì ni ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Wẹ́bà ṣí ìwé, ó wò ó, ó ṣí ojú ewé mìíràn. Etí rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà. Àṣìtẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ó jọ pé ọmọṣẹ́ ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ."

"Àáfà, ẹ kú iṣẹ́," ni Jímọ́ọ̀ wí. "Ẹ ti kọ́ òyìnbó ní Gẹ̀ẹ́sì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wẹ́bà kò rín. Ó ní, "Kì í ṣe àṣìtẹ̀. Bí ìyá tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yẹn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹrú ni wọ́n bí i. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé. Etí ni ó fi kó Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé e gba ẹnu tirẹ̀."

Ní ọjọ́ náà, ó fi ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kọ́ wọn sílẹ̀, ó ń ṣàlàyé. Ó ní ní ilẹ̀ òun, oríṣiríṣi ènìyàn ló wà: àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó láti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, àwọn tí ebi lé kúrò ní ìlú òtútù, àwọn darandaran tó wà ní ìwọ̀ oòrùn. Kálukú ló mú ẹnu rẹ̀ dání. Àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ń kọ̀wé bí ará Ìlú Ọba, bí ẹni wọ ẹ̀wù tí ó yá. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun tí etí wọn gbọ́. Bí ènìyàn bá ka ìlà kan ṣoṣo, yóò mọ ẹ̀bá odò tí wọ́n ti bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

"Bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe," ni ó wí fún Abdulmumini, "ìwé á mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò ní sí níbẹ̀ mọ́."

Abdulmumini tọrọ àforíjì, ó sì jókòó. Ìtìjú kò mú un. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ohunkóhun kò mú un.

Asabe ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí àrùn lùkúlùkú wọ̀lú, tí wọ́n ń gbé òkú kọjá láàárọ̀, tí wọ́n tún ń gbé e kọjá lálẹ́. Ó sin ín, ó gba àwọn tó wá kí i, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ènìyàn ní ó mọ́kàn le. Kò mọ́kàn le. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó sùn lé ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó jí, tí ó rí ọwọ́ náà ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n lára. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ojú Asabe máa ń hàn sí i. Ó máa ń rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ó ti kú, ó ti wá ohùn náà nínú orí rẹ̀ títí, kò rí i.

Kò pẹ́ tí Wẹ́bà gbé iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́. Ó fẹ́ tẹ ìwé kíkà kan ní Yorùbá, ó sì fẹ́ kí ìtàn ìyá arúgbó náà wà nínú rẹ̀. Ìtàn náà kò gùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan ń wá ìbaaka rẹ̀ tó sọnù, ó yà lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ń se ọbẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó bi í bóyá ó rí ìbaaka. Ìyá náà ní òun kò rí i, ó sì ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀ ìkòkò: ẹni tó ń jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tí kì í jẹ ata. Ìgbà tí ènìyàn bá kà á dé àárín ni yóò tó yé e pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n sì ti tà wọ́n kọjá odò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wá ibi tó ti sunkún," ni Wẹ́bà ní kí wọ́n ṣe.

Wọ́n wá a. Kò sí.

"Ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé ta nìyẹn. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu ìyá yìí, ó kúrò níbẹ̀. Kò bá a sọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbọ́ ọ pàápàá, ìbaaka rẹ̀ ni ó ń rò."

Abdulmumini lọ sílé, ó sì tú u sí Yorùbá tó dára, Yorùbá tí ó jinlẹ̀. Nígbà tí ó kà á fún wọn, Jímọ́ọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló dé?"

"Ẹ má bínú, Àáfà. Ìyá yìí ń sọ̀rọ̀ bí olorì. Ta ló fẹ́ tà á?"

Wẹ́bà ní òótọ́ ni Jímọ́ọ̀ sọ. Ó ní kí Abdulmumini wá ẹnu tí ó yẹ ẹ́. "Ṣé kò sí ẹni tó ń sọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin, ẹni tí wọ́n mú wá láti ibòmíràn?"

Ta ni kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú agboolé rẹ̀? Asabe fúnra rẹ̀, àwọn tó ń kó ẹrú bọ̀ láti òkè ọya ni bàbá Abdulmumini rà á lọ́wọ́ wọn, ní nǹkan bí ọdún kan kí àwọn sójà òyìnbó tó wọ ìlú. Ó dá a sílẹ̀, ó sì fi í fún ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aya. Hausa ni. Títí ó fi kú, Yorùbá rẹ̀ kò já gaara.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ràúdátù gbé oúnjẹ wá. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Asabe bí.

"Báwo ni ìyá rẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀?" ni ó bi í.

"Jẹ́jẹ́ ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ìró rẹ̀ ni mò ń béèrè. Sọ ọ̀kan fún mi bó ṣe ń sọ ọ́."

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. "N kò mọ̀ ọ́n sọ, Bàbá."

"O kò mọ̀ ọ́n sọ?"

"Ẹ ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ó dára," ni ó wí. Ó jẹun. Nígbà tí ó jẹ tán, ọmọ náà kó àwo lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ní Àlàmísì, bí wọ́n ti ti ọ́fíìsì pa, ó lọ sí àdúgbò Gàmbàrí, lọ́dọ̀ Jummai tí ń ta fúrá. Inú ìlà ẹrú kan náà ni Jummai àti Asabe jọ tò wọ Ìlọrin, wọn kò sì fi ara wọn sílẹ̀ rí. Jummai kì í pe àgbà ní ẹ̀yin, ìwọ ni ó ń pe gbogbo ayé, ohùn rẹ̀ máa ń bọ́ síbi tó bá wù ú lórí ọ̀rọ̀, gb sì máa ń di gw lẹ́nu rẹ̀, p a di f. Nítorí náà, bí ó ti sọ ọ́ ni a ó kọ ọ́, a kò ní fi àmì sí i.

"Ha! Akowe Ajele!" ni ó kígbe. "Ki ni mo se? Fura mi ko fa enikan o!"

"N kò bá iṣẹ́ wá, Jummai. Mo fẹ́ gbọ́ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ ni."

"Oro mi? Oro mi yi?" Ó yíjú sí àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "E wa gwo o! Mumini wa gwo Yoruba wa! Nijosi mo lo ile e, mo ni mo ki gwogwo ile. O ni ki i se gwogwo. O ni gbogbo, gbogbo. Titi mo fi gwagwe oro ti mo ba wa!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n fún un ní àpótí kó jókòó, kí akọ̀wé má baà ṣubú. Ó jókòó. Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Báwo ni Asabe ṣe máa ń sọ ọ́?"

Ọwọ́ Jummai dúró nínú igbá.

"Ni ile e, Asabe ko n soro."

"Ó ń sọ̀rọ̀."

"O n ka iwe ni. To ba fe bere omi, a koko so o ninu ikun, a tun so o, ki o to so o jade, ki o ma ba bu u. Ibi yi lo ti n soro. O jokoo sibe yen. A so, a so, enu e a gwe."

"Kí ni ẹ ń sọ?"

"Ki la n so? Obe. Ojo. Eni to bimo. Iwo." Ó tún ń po fúrá rẹ̀ lọ. "O feran e. Mi o mo idi."

Abdulmumini rò ó díẹ̀. Ó ní, "Mo kọ́ ọ ní orúkọ ọmọ rẹ̀. Ràúdátù. Kò ṣòro. Mo kọ́ ọ títí, kò sọ ọ́ rí. 'Ìwọ' ni ó ń pe ọmọ náà, tàbí 'èyí'. Tèmi pàápàá, 'Maigida' ló ń pè mí."

Jummai wò ó, ó wò ó títí tí àwọn obìnrin yòókù fi ń wo ibòmíràn.

"Mumini. O ro fe enu e ni ko gwe e?"

"Kí ló tún lè jẹ́?"

"Akobi ni! Lodo wa, iya ki i fe oruko akobi. Iyawo ki i fe oruko oko. Itiju ni. Gwogwo Gambari lo mo o. Iwo gwe omo Gambari sile, o ko bere?"

Ó ti gbọ́ ọ rí. Ó ti gbọ́ ọ nípa àwọn ẹlòmíràn, bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ àṣà ìlú tí kò dé rí. Kò rò ó mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó rántí bí ó ṣe máa ń mú un jókòó, tí ó ń gé orúkọ náà sí wẹ́wẹ́ fún un, Rà, ú, dá, tù, bí ẹni ń gé ẹran fún ọmọdé, tí Asabe sì ń wo ilẹ̀. Ó ti rò pé olóríkunkun ni.

"Oruko yen dun mo o," ni Jummai wí. "To ba wa sibi, a ni ki emi fe e. Emi a fe e: Raudatu! Oun a rerin. A ni, tun fe e."

Abdulmumini dúró kí nǹkan kan gún un láyà. Kò sí nǹkan kan. Ó ní, "Sọ ọ̀rọ̀ bí tirẹ̀ fún mi."

Jummai gbìyànjú. Ó sọ ọ̀kan, ó mi orí. Ó sọ òmíràn. "Rara. Ko jo. Oun a ma fa a gun nifari. Ojo Jimoo ni won bi emi, Satide ni won bi oun. Mo fi ojo kan saaju e waye, emi lo wa seku." Ó bu fúrá fún un. "Mu. O ti gwe ju."

Ó mu ún. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbà, ó ń gbọ́ bí Jummai ṣe ń bá àwọn oníbàárà jà, bí ó ṣe ń bú ewúrẹ́, bí ó ṣe ń ṣàdúrà fún ẹni tó rà púpọ̀. Ohun tí ó gbọ́ ni ó fi tún ìtàn náà tú. Ohùn Jummai ni. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ohùn tí òun ń wá, ṣùgbọ́n ó bá iṣẹ́ mu, ó sì mú un lọ.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé Wẹ́bà ni pé Wẹ́bà á ka ìlà kan ní Gẹ̀ẹ́sì, á dúró, ẹni tó tú u á sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Jímọ́ọ̀ máa ń sọ pé àjànàsí ni òyìnbó, bí ẹni tí ń ka àyà Àlùkùránì fún Àáfà nígbà tàfúsírù ààwẹ̀. Ní ọjọ́ tí Abdulmumini fẹ́ ka tirẹ̀, èrò pọ̀. Àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ti wá fara ti fèrèsé.

Wẹ́bà ka ìlà ti ìyá arúgbó náà. Ó dúró.

"Mi o ri ibaaka kankan," ni Abdulmumini kà. "Obe ni mo n se. Jokoo, ki o sinmi, ese e ti fon."

Ẹ̀rín bú jáde. Jímọ́ọ̀ na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Yéè! Gàmbàrí wà ní Améríkà! Ìyá ńlá mi nìyí, Àáfà! Ibo lẹ ti rí i? Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí, kò ku síbì kan!"

Ẹnìkan láti ojú fèrèsé ní kí wọ́n béèrè bóyá ó ní fúrá. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wẹ́bà béèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó sún mọ́ Abdulmumini, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ní ilẹ̀ wa náà, wọ́n ń rín in. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé kí wọ́n lè rín in ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò sọ ìyẹn fún yín. Ẹ jẹ́ kí a lo ti àkọ́kọ́, tí ẹ fi Yorùbá tó dára kọ. Kò sí ẹni tí yóò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́."

Abdulmumini wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ kà á lọ, sà," ni ó wí.

Wẹ́bà kà á.

"Akobi mi, isale ikoko ni o n je. Won mu u lo ni igwa agwado."

"Igwa agwado!" ni Jímọ́ọ̀ tún sọ, omi ẹ̀rín wà lójú rẹ̀.

Wẹ́bà kà á.

"Ekeji ko n je ata. Tie, mo n bu u soto, ki n to fi ata si i. Mo si n bu u soto."

Ẹ̀rín náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti fọ́n ká. Wẹ́bà ka ìlà tó kẹ́yìn, níbi tí ìyá náà ti dáhùn nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin bi í ìdí tí ẹnì kan ṣoṣo fi ń se ìkòkò ńlá bẹ́ẹ̀.

"Mi o mo bi eeyan se n se obe kekere."

Abdulmumini gbọ́ ọ bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, ó ti fà á gùn. Kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jummai kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fà á gùn, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níparí, bí ẹni rọra gbé nǹkan kalẹ̀ kí ó má baà fọ́, kì í sì í ṣe òun ni ó ṣe é.

Ìwé ti tán. Wẹ́bà ti pa tirẹ̀ dé. Abdulmumini mọ̀ pé bí òun bá panu mọ́, ó ti lọ nìyẹn.

"Maigida," ni ó wí. "Ojo n bo. Aso e wa lode."

Àwọn tó wà níbẹ̀ dúró, wọ́n ń retí.

"Ta ni mo tun ri loni? Mo ri iyawo alagwede, oyun e ti yo. Iwo, eyi, ma fi ese tutu wole. Maigida, iyo inu e ko fo ju? Mo mo. Mo ro fe o fo ju. Je die. Je die si i."

Ohùn obìnrin kan ni. Ó kéré, ó rọ̀, ó ń fa ìparí gùn, ó sì ń jáde lẹ́nu ọkùnrin gbọọrọ kan tó wé láwàní, tí ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Jímọ́ọ̀ ti kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Lójú fèrèsé, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n rò pé ìtàn náà ni ó ṣì ń lọ.

"Atufa ti fe ku. Sun mo mi. Mi o gwo nkan ti o n so."

Wẹ́bà tún ṣí ìwé rẹ̀. Ó wo ojú ewé tó kẹ́yìn, ó ṣí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kan wálẹ̀, ó tún padà sókè, ó ń wá ibi tí wọ́n dé.